Àpótí tí a fi ń wọn omi tí ọ̀pọ̀lọ́ ń fi ikùn mu: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Adó-Èkìtì

Ohun méjì ni àpótí yìí wà fún. Àkọ́kọ́, kí ọ̀pọ̀lọ́ kan tàbí méjì lè gbé inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìgbẹ. Èkejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi òṣùwọ̀n rí i pé omi ń gba awọ ikùn wọlé, kí wọ́n sì mọ iye rẹ̀ ní gíráàmù. Yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó-Èkìtì la ṣe é fún. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀ lọ́nà, ó sì parí ní oṣù Kejì. A mọ̀ọ́mọ̀ mú ìgbà náà ni. Àpótí tó bá tọ́jú ọ̀pọ̀lọ́ yè nínú ọyẹ́ kò ní í fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà nígbà òjò.

Ọ̀pọ̀lọ́ àyíká ilé la lò, èyí tó máa ń jókòó sábẹ́ iná lálẹ́ tó ń ṣa kòkòrò jẹ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sclerophrys regularis. A ò lo àkèré. Àkèré ń fò, imú rẹ̀ á sì bó lára gíláàsì kí ọjọ́ méjì tó pé. Ojú egbò yẹn nìkan tó láti ba ìwọ̀n jẹ́, nítorí omi ń gba ojú egbò wọlé ju bó ṣe ń gba awọ tó dá lọ.

Kí a tó fọwọ́ kan pákó

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í fi ẹnu mumi. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á wọ inú omi tí kò jìn, á ya ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, á tẹ ìsàlẹ̀ ikùn mọ́lẹ̀ pẹ́típẹ́tí, á wá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá dọ́gbọ́n yí i sẹ́yìn, ẹ ó rí i pé awọ ìsàlẹ̀ ikùn títí dé abẹ́ itan yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tinrin, ojú rẹ̀ rí kókó kókó bí ojú ṣàkì màlúù tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín sì pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ débi pé ó máa ń pupa díẹ̀. Àárín àwọn kókó wọ̀nyẹn ni omi ń gbà rìn, bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà.

Robert Townson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ìdánwò hàn láti àwọn ọdún 1790 pé awọ ni irú àwọn ẹ̀dá yìí fi ń gba omi. Lára ọ̀pọ̀lọ́ aginjù Amẹ́ríkà kan, Bufo punctatus, wọ́n wọ̀n ọ́n ní 1969: apá ìsàlẹ̀ ikùn yìí tó nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 gbogbo awọ ara, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 omi tó ń wọlé, ibẹ̀ ló ń gbà. Orí èyí ni gbogbo ìpinnu wa dúró lé: ilẹ̀ àpótí ni ife ìmumi ọ̀pọ̀lọ́. Gbogbo ibi tí iṣẹ́ yìí ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ibi tí a ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí ni.

Ohun tó ń fa omi wọlé ni iyọ̀. Omi ara ọ̀pọ̀lọ́ ní iyọ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn nínú. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó súnmọ́ omi lítà 1 tí a po iyọ̀ gíráàmù 6.5 mọ́. Omi kànga àti omi òjò kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá. Omi a sì máa ti ibi tí iyọ̀ kò pọ̀ lọ síbi tó pọ̀, bí awọ tó wà láàárín bá jẹ́ èyí tí omi lè là kọjá. Osmosis nìyẹn. Agbára ìfà náà tó ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́fà agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ orí ilẹ̀.

Awọ náà sì ní ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì. Bí ara bá gbẹ, kókó kékeré kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ (ẹ kíyè sí àmì ohùn: ọpọlọ inú orí là ń wí, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ fúnra rẹ̀) á da họ́móònù kan tó ń jẹ́ vasotocin sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́móònù yìí ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì awọ ikùn gbé ihò omi wọn, tí à ń pè ní aquaporin, wá sójú ìta. Láti 1921 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Brunn ti rí i pé bí a bá gún àkèré ní abẹ́rẹ́ omi kókó náà, ṣe ni yóò máa wúwo sí i nínú omi. Àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá aquaporin fúnra rẹ̀ mọ̀, Peter Agre sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2003. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ wọn omi ni pé ọ̀pọ̀lọ́ tí omi ti yó kò ní í mu. Ìwọ̀n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí ara tó gbẹ díẹ̀.

Ohun èlò

- Àpótí gíláàsì bíi ti ẹlẹ́ja inú ilé, 60 × 35 × 35 sẹ̀ǹtímítà, gíláàsì mílímítà 5
- Táìlì ilẹ̀ tó ń dán, tí a gé kó bá ilẹ̀ àpótí mu
- Gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù tube 1, irú èyí tí wọn ò kọ sára rẹ̀ pé ó ń pa funfun tó ń hu lára ògiri
- Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn onírọ́bà tí kò ní oògùn nínú, àti ìdè igi fún ìdérí
- Gíláàsì pẹlẹbẹ kan tó lè bo ìdajì orí àpótí
- Fóòmù funfun, nípọn sẹ̀ǹtímítà 2, 25 × 30
- Tẹmómítà àti aago ọ̀rinrin tó ń lo bátìrì
- Òṣùwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, tó ń ka gíráàmù 200 dé 0.01
- Abọ́ gíláàsì mẹ́rin tí ilẹ̀ wọn tẹ́jú, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15
- Abẹ́rẹ́ ńlá mílílítà 20 tí kò ní irin lẹ́nu

Ọ̀sẹ̀ kìíní: pákó

Pákó la kọ́kọ́ kàn. Ó lẹ́wà, kò sì wọ́n tó gíláàsì, ṣùgbọ́n a ò tíì gbé ọ̀pọ̀lọ́ kankan sí i tí a fi jù ú nù. Pákó tí a ń rà ní ilé ìlagi, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti fi oògùn ikán pa, imú kì í sì í gbọ́ ọ mọ́ tó bá ti pẹ́. Nítorí náà a fi ekòló márùn-ún dán an wò: a tẹ́ pépà tútù sílẹ̀ àpótí, a da ekòló lé e, a dé e mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Márààrún ló kú. Ekòló náà ń fi awọ tútù mí bí ọ̀pọ̀lọ́ ni, ohun tó bá pa á lóru kan kò yẹ kí ó súnmọ́ ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ máa ṣe ìdánwò yìí fún ohunkóhun tuntun tí ẹ bá fẹ́ fi sínú àpótí, ìbáà jẹ́ ike, fóòmù tàbí òkúta. Ọjọ́ kan péré ló ń gbà.

A wá gbé gíláàsì. Sílíkọ́ọ̀nù tí a fi dí ojú táìlì ń rùn kíkan bí ọtí kíkan nígbà tó bá tutù. Òórùn yẹn jẹ́ ásíìdì. A ṣí àpótí sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, a wá bu omi sí i, a dà á nù lẹ́yìn ọjọ́ kan, a tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí òórùn náà tán pátápátá ni a tún da ekòló sí i. Wọ́n yè.

Ilẹ̀ àpótí dagun. Táìlì ga ní apá kan ní sẹ̀ǹtímítà 3, ó lọ sílẹ̀ dé gíláàsì ní apá kejì. Bí a bá bu omi sí i, yóò jìn ní sẹ̀ǹtímítà 1 níbi tó jìn jù, yóò sì tán pátápátá kó tó dé àárín. Ọ̀pọ̀lọ́ lè yàn fúnra rẹ̀. Kò nílò omi tó jìn, ó sì lè kú sínú abọ́ tí ògiri rẹ̀ ń yọ̀ tí kò rí ibi gùn jáde.

Ọ̀sẹ̀ kejì: yanrìn àti amọ̀

Apá gíga, tó yẹ kí ó jẹ́ ibi gbígbẹ, ló gba àsìkò jù. Yanrìn ìkọ́lé la kọ́kọ́ dà sí i. Ó ń gún. Ní ọjọ́ kẹta, ìlà pupa tín-tìn-tín ti wà ní abẹ́ ikùn ọ̀pọ̀lọ́ kan, bí ìgbà tí èèyàn fi orúnkún ra ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. A kó o kúrò lójú ẹsẹ̀.

A wá kó ilẹ̀ pupa ẹ̀yìn ilé, a bu omi sí i títí ó fi dà bí ohun tí a lè fi mọ ìkòkò. Ọwọ́ kan ilẹ̀ náà, ó tutù nini. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ tó sùn lórí rẹ̀ di fúyẹ́ ní òwúrọ̀, ìhà rẹ̀ sì hunjọ. Ó dà bíi pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí amọ̀ náà lómi lára ju yanrìn lọ. Kì í ṣe iye omi tó wà nínú ilẹ̀ ló ṣe pàtàkì, bí kò ṣe bí ilẹ̀ ṣe di omi náà mú tó. Ẹ̀rún amọ̀ kéré púpọ̀, àárín wọn há, wọ́n sì ń di omi mú ṣinṣin. Bí amọ̀ bá ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, agbára tó fi ń di omi mú lè ju agbára tí iyọ̀ inú ara ọ̀pọ̀lọ́ fi ń fà á lọ. Níbẹ̀, ọ̀nà á yí padà: ilẹ̀ ni yóò máa mu ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ̀rún yanrìn tóbi, kì í sì í di omi mú tó bẹ́ẹ̀. Yanrìn odò tó ní omi díẹ̀ á fún ikùn ní gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níta. Ọ̀pọ̀lọ́ tó bá walẹ̀ wọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn ní apá Ìkọ̀lé tàbí Mọ̀bà, irú ilẹ̀ tó bá bọ́ sí ló máa sọ bóyá yóò rí omi fà lára rẹ̀.

Níkẹyìn, fóòmù ló ṣiṣẹ́. A fi omi rin ín, a fún un títí tí kò fi kán mọ́, a tẹ́ ẹ sí apá gíga, a wá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ bò ó kí ẹran náà lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Fóòmù kì í di omi mú ṣinṣin, kì í gún ikùn, ó sì ṣeé fọ̀. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi lásán, nítorí ìtọ̀ inú rẹ̀ yóò gba ikùn padà wọlé. Ẹ má lo ewé kòkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Oògùn kọ́pà tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fọ́n kòkó nítorí àrùn tó ń mú èso dúdú máa ń kù lára ewé, kọ́pà sì burú fún awọ yìí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: irú omi

Omi kànga tí kò ní oògùn ni a fi parí sí. Àwọn yòókù rèé, pẹ̀lú ohun tó ń ṣe wọ́n.

Omi ẹ̀rọ ìjọba àti omi tí a fi oògùn ìfọmi sí ní kílórìn. Bí a bá bù ú sínú agbada tó fẹ̀, tí a ò dé e, kílórìn á fò lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Nínú kọ́ọ̀bù tó há, kò ní í yá bẹ́ẹ̀.

Kànga tí wọ́n ju álọ́ọ̀mù sí kí omi rẹ̀ lè tòrò, ẹ yẹra fún un. Omi náà mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ó ti di kíkan, alumíníọ̀mù sì wà nínú rẹ̀.

Omi òjò dára, àyàfi tó bá ti orí páànù àtijọ́ kọjá. Sínkì tó ń bó lára páànù ń wọ inú omi, ó sì lè pa ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó wà nínú omi kó tó pa àgbà. Omi òjò tí a fi agbada gbà ní gbangba, lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun ló dára jù.

Omi bátìrì, tí àwọn kan rò pé òun ló mọ́ jù, ẹ má lò ó. Kò ní iyọ̀ kankan nínú. Awọ ọ̀pọ̀lọ́ kì í fa omi nìkan, ó tún ń fa iyọ̀ sódíọ̀mù nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré, ó sì ń ná agbára lórí rẹ̀. Hans Ussing, ará Denmark, ló fi awọ àkèré lásán tí ó nà sáàárín omi méjì fi èyí hàn ní 1951, tó sì wọn iná mànàmáná tí iyọ̀ náà ń gbé kọjá. Nínú omi bátìrì, ọ̀pọ̀lọ́ kò ní iyọ̀ tó lè gbà padà, ti ara rẹ̀ á sì máa jò lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ásíìdì bátìrì àti omi bátìrì máa ń wà nínú irú ike kan náà lọ́jà, èèyàn sì lè ṣì wọ́n mú.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tún ṣe pàtàkì. Ọṣẹ, ìpara, oògùn ẹ̀fọn tí a fi pa ara, gbogbo rẹ̀ ni awọ náà ń mu. Ẹ fi omi ṣan ọwọ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko lẹ́yìn ọṣẹ, kí ẹ sì fi ọwọ́ tútù gbé e. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e kalẹ̀, ẹ tún fọ ọwọ́, nítorí kókó ńlá méjì tó wà lẹ́yìn ojú ọ̀pọ̀lọ́ ní oje funfun tó jẹ́ májèlé; bó bá dé ojú yín, yóò ta yín gan-an. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ́n oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún: ìdérí, ọyẹ́ àti ẹ̀kọ

Ìdérí àkọ́kọ́ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì látòkè délẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọ̀rinrin inú yàrá já sísàlẹ̀ 30 nínú 100 lọ́sàn-án, inú àpótí kò sì ju ìyẹn lọ púpọ̀. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ rí bí ẹni pé ó le, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dí omi lọ́nà. Omi ń fẹ́ lọ lára rẹ̀ bí ó ṣe ń fẹ́ lọ lójú omi inú agbada. Àwọn díẹ̀ ló yàtọ̀, bí àkèré orí igi Chiromantis xerampelina ti ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, tí awọ rẹ̀ ń dí omi dáadáa. Ọ̀pọ̀lọ́ ilé kò sí lára wọn.

Kí a má baà fi ẹ̀mí ẹran dán ìdérí wò, a wá ohun tí omi ń fẹ́ lọ lára rẹ̀ bákan náà. Nílé ìwádìí, agar ni wọ́n máa ń dì, gíráàmù 3 nínú omi mílílítà 100, tí wọ́n á gé bí ara àkèré. Ẹ̀kọ tútù tó dì dáadáa ṣe iṣẹ́ náà fún wa. Ẹ tú ewé lára rẹ̀, ẹ gé e sí gíráàmù 40, ẹ fi ọwọ́ tútù mọ ọ́n roboto bí ọ̀pọ̀lọ́ tó jókòó, ẹ gbé e sórí fóòmù, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí kan lọ, nítorí ojú ẹ̀kọ yóò gbẹ, èèpo yóò bò ó, kò sì ní í sọ òótọ́ mọ́. Òdiwọ̀n tí a fi lélẹ̀: bí ẹ̀kọ bá pàdánù ju gíráàmù 1 lọ ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù.

Lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì nìkan, ẹ̀kọ kọjá òdiwọ̀n náà. A fi gíláàsì bo ìdajì orí àpótí, lápá ibi tí omi wà, a fi nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lápá kejì. Ó bọ́ sí i. Bí a bá bo gbogbo rẹ̀, omi á máa ṣẹ́ sára gíláàsì, fóòmù á máa rùn, àrùn awọ á sì tẹ̀ lé e. Apá tó tutù yẹ kí ó wà láàárín 70 sí 85 nínú 100, kí apá kejì kéré sí i, kí ooru sì wà láàárín dígíríì 24 sí 28.

Ẹ máa wo bó ṣe jókòó, òun ló ń sọ ipò tó wà kí òṣùwọ̀n tó sọ ọ́. Bó bá ká ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sábẹ́ ara, tó tẹ àgbọ̀n mọ́lẹ̀, ó ń fi omi pamọ́. Bó bá ya ẹsẹ̀ sílẹ̀ nínú omi, ó ń mu. Bó bá kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, tí kò wọ̀ ọ́, omi ti yó o nìyẹn. A ti fẹ́ tún àpótí ṣe nítorí èyí kí a tó rántí pé kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ: wíwọ̀n

Ẹ gbé òṣùwọ̀n sórí tábìlì sìmẹ́ńtì, ẹ pa fáànù, kí ẹ fi páálí yí i ká. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fa omi mílílítà 20 sínú abẹ́rẹ́, ẹ tú u sínú ife tí ẹ ti sọ òṣùwọ̀n rẹ̀ di òdo: ó yẹ kí ó ka nǹkan bí gíráàmù 20. Bí bátìrì bá ti ń kú, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i.

Ẹ má fún ọ̀pọ̀lọ́ lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì ṣáájú. Ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè wúwo ju omi tí ẹ fẹ́ wọ̀n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ fi í sínú omi sẹ̀ǹtímítà 1 kó mu yó. Ní òwúrọ̀, ẹ gbé e lé ife lórí, ẹ fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó tọ̀. Ẹ nù ún, ẹ wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n ìpìlẹ̀ nìyẹn: ara tó yó, àpò ìtọ̀ tó ṣófo.

Ibí yìí ni nọ́ńbà wa ti dàrú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. A kò kọ́kọ́ tú àpò ìtọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ á wà nínú omi, á sì fúyẹ́ sí i, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ló ń tọ̀ nígbà tí a bá gbé e. Àpò ìtọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kì í ṣe ibi ìdalẹ̀nù bíi tiwa. Àmù rẹ̀ ni. Ìtọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi lásán, bí ara bá sì ń gbẹ, yóò fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀pọ̀lọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó tọ̀ sí i lọ́wọ́, ti da omi tó tọ́jú de ọyẹ́ nù.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ìpìlẹ̀, ẹ fi í sínú abọ́ gbígbẹ tí a fi nẹ́ẹ̀tì bò, kúrò nínú oòrùn, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú 15-15. Bó bá ti dé ìdá 90 nínú 100 ìwọ̀n ìpìlẹ̀, ẹ dúró. Ẹ má ṣe kọjá bẹ́ẹ̀ láé. Lóòótọ́ ọ̀pọ̀lọ́ lè fara da ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú igbó, ṣùgbọ́n ìdá 10 ti tó láti ṣí ìlẹ̀kùn awọ, ohun tó bá lé ní ìyẹn ìyà lásán ni.

Ẹ wá gbé e sínú abọ́ tó ní omi sẹ̀ǹtímítà 1, dígíríì 25 tàbí 26. Ẹ gbé e jáde ní ìṣẹ́jú 10-10 fún wákàtí kan, ẹ nù ún, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dá a padà. Nínù ni ọwọ́ ti ń yàtọ̀ jù: aṣọ tútù tí a fún dáadáa, ìṣẹ́jú àáyá 5 fún ikùn, 5 fún ẹ̀yìn, kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tíṣù gbígbẹ ń lẹ̀ mọ́ ikùn, ó sì ń fa omi jáde.

Ìṣirò rẹ̀ lọ báyìí. Ká ní ìwọ̀n ìpìlẹ̀ jẹ́ gíráàmù 40, a mú un wálẹ̀ dé 36, ó sì di 36.6 lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20. Ó ti fa 0.6, ìyẹn 1.8 ní wákàtí kan. Láti mọ ibi tó gbà wọlé, a lẹ ike tí a fa ìlà sẹ̀ǹtímítà sí mọ́ abẹ́ abọ́ gíláàsì, a gbé fóònù sísàlẹ̀, a ya àwòrán ikùn tó kan ilẹ̀, a ka igun, ìyẹn àwọn àlàfo onígun mẹ́rin àárín ìlà tí ikùn bò. Bó bá jẹ́ igun 9, omi tó gba igun kọ̀ọ̀kan wọlé jẹ́ gíráàmù 0.2 ní wákàtí kan. Àwòrán yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn jù, nítorí wọ́n ń rí i bí ikùn ṣe ń fẹ̀ sórí gíláàsì bí ó bá ti mọ̀ pé omi dára.

Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀lọ́ bá bó awọ, ẹ má wọ̀n ọ́n. Ẹ ó rí i tó ń fa nǹkan tín-ín-rín bí ọ̀rá sí ẹnu tó sì ń gbé e mì. Awọ àtijọ́ ni. Awọ tuntun ń jò ju ti àná lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án: abọ́ iyọ̀

Abọ́ mẹ́rin: omi lásán, iyọ̀ gíráàmù 2 nínú lítà, 4, àti 6.5. Ọ̀pọ̀lọ́ kan náà, ọjọ́ kan fún abọ́ kan, ìsinmi ọjọ́ kan láàárín. Ìṣẹ́jú 15 ni kó pẹ́ mọ nínú abọ́ kejì dé ìkẹrin, kí ẹ sì fi omi ṣàn án lẹ́yìn rẹ̀. Bí iyọ̀ ṣe ń pọ̀ ni omi tó ń wọlé ń dín kù, nínú abọ́ ìkẹrin òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan. Gíráàmù 6.5 kò ju ṣíbí tíì kan tó kún díẹ̀ lọ. Nínú abọ́ yẹn, ọ̀pọ̀lọ́ á gbé ikùn sókè, á dúró lórí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, á máa wá ọ̀nà àtijáde. Awọ ikùn ń tọ́ iyọ̀ wò, bí ahọ́n ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì, iyọ̀ ni wọ́n ń da lé ọ̀pọ̀lọ́ tó bá wọlé. Abọ́ ìkẹrin ṣàlàyé ohun tí ìyẹn ń ṣe. Iyọ̀ tó lé ní 6.5 yí ọ̀nà omi padà, omi ara á máa gba ikùn jáde, ẹran náà á sì gbẹ kú díẹ̀díẹ̀ níbi tó tutù. Ìgbálẹ̀ àti páńkẹ́ẹ̀rẹ́ tó láti lé e síta.

Ìmọ́tótó àti ìdápadà

Àrùn olú kan, Batrachochytrium dendrobatidis, máa ń mú awọ irú àwọn ẹ̀dá yìí. Ní 2009 ni wọ́n fi hàn pé bí ó ṣe ń pa wọ́n ni pé awọ kò lè tọ́jú iyọ̀ ara mọ́, ọkàn á sì dúró. Nítorí náà, láàárín ọ̀pọ̀lọ́ kan àti òmíràn, a ń fi bílíìṣì apá 1 sí omi apá 9 fọ gbogbo àpótí, a fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, a ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, a sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ. Fóòmù àti ewé, a ń sun wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀pọ̀lọ́ kan ń gbé mọ. A ń dá a padà síbi tí a ti mú un gan-an, ní alẹ́. Ní wákàtí kan ṣáájú, a ń bu omi tuntun sẹ̀ǹtímítà 1 sínú àpótí kó lè mu yó, kí àmù rẹ̀ kún. A kì í fọwọ́ gbé e lẹ́yìn ìyẹn. Àpótí fúnra rẹ̀ la ń gbé lọ, a tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú koríko, a ṣí ìdérí, a sì dúró jìnnà títí yóò fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, kó má baà tọ̀.